Ìbòrí ọkọ̀ ojú omi mi ti bu, òjò sì ti ń jò wọ inú rẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ọlọ́kọ̀-Kékeré:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Kánfáàsì ákírílíìkì, aṣọ líle tí wọ́n fi òwú àtọwọ́dá hun, ni mo fi ń bo ọkọ̀ mi láti ọdún 5 sẹ́yìn, ìta ló sì ń gbé tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó wà ní tuntun, bí omi ṣe ń yí gbiri lórí ewé kókò ni òjò ṣe ń yí gbiri lórí rẹ̀. Ní báyìí, bí òjò bá rọ̀ tán, aṣọ náà á rin gbindin, omi á sì máa kán tó-tó-tó sórí ìjókòó. Àmì dúdú wínníwínní ti bo ìhà tí oòrùn kì í dé, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán. Lóṣù tó kọjá, mo fi ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́, mo sì da ọṣẹ oníyẹ̀fun sí i dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi mọ́. Àmì náà padà, jíjò rẹ̀ sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí n da bílíìṣì lé e ni, àbí kí n kúkú ra òmíràn?

Aránbòrí:
Ẹ má tíì ra òmíràn. Rírán ìbòrí ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun, mo sì ti rí irú èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Èbu kì í jẹ ákírílíìkì fúnra rẹ̀. Eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé jíjẹrà tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń padà nígbà tí ìdọ̀tí náà kò bá kúrò tán. Ẹ̀rọ yẹn ló ṣí oògùn tó ń lé omi kúrò lára aṣọ, ọṣẹ tí ẹ kò sì ṣàn tán ń fa omi àti eruku mọ́ra.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku rẹ̀ kúrò ní gbígbẹ, nítorí bí omi bá kọ́kọ́ kàn án, ẹrẹ̀ lẹ ó máa fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ olómi tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò kọjá 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius fọ̀ ọ́. Fún ibi tó bu, ẹ po bílíìṣì mílílítà 240 àti ọṣẹ náà mílílítà 60 mọ́ omi lítà 4, kí ẹ jẹ́ kó mu ún fún ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n kó má gbẹ sí i lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì po bílíìṣì mọ́ ọtí kíkan tàbí ohunkóhun tó ní ammonia (kẹ́míkà kan tó ń ta sánsán) nínú, torí èéfín rẹ̀ léwu gan-an. Ẹ wá ṣàn án, kí ẹ tún un ṣàn, títí omi tó ń jáde kò fi ní hó mọ́. Ẹ sá a sí afẹ́fẹ́. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru mú aṣọ gbẹ o.

Ọmọ-Etídò:
Ẹ jọ̀wọ́, kánfáàsì òwú gidi ni tèmi. Ṣé bákan náà ni?

Aránbòrí:
Rárá o. Bílíìṣì máa ń jẹ òwú. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó o.

Atukọ̀-Àgbà:
Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé fèrèsé ọ̀rá, ìyẹn ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n rán mọ́ ara ìbòrí mìíràn. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí a fi ń nu dígí ilé. Mo ti fi ìyẹn ba méjì jẹ́ rí, wọ́n ṣú bàìbàì, wọ́n sì gan bíi páálí. Ẹ da omi lé e kí eruku ṣàn lọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Fífọ̀ nìkan kò sì ní dá jíjò dúró. Nígbà tí aṣọ bá gbẹ tán pátápátá, ẹ fín oògùn tó ń lé omi sí i ní ìpele méjì fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi fluorocarbon, irú kẹ́míkà kan tó ń lé omi, ṣe ni mo yàn, nítorí ti sílíkónì máa ń fa eruku mọ́ra. Ẹ fi nǹkan bo fèrèsé náà kí ẹ tó fín in.

Aránbòrí:
Kí ẹ tó náwó sí oògùn, ẹ fi èékánná fa òwú ojú rírán. Bó bá já pẹ́-pẹ́, oòrùn ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Òwú sábà máa ń kú ṣáájú aṣọ. Ẹ tún fi igi gbé àárín ìbòrí náà sókè, torí ibi tí omi bá ti ń dágún ni aṣọ á ti máa fẹ̀ sí i.

Ọlọ́kọ̀-Kékeré:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo da ife omi kan lé e lórí láàárọ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ yí gbiri wálẹ̀, àfi ní ojú rírán apá òsì, níbi tí òwú ti já nígbà tí mo fà á. Mo ti tú apá yẹn sílẹ̀ kí wọ́n lè bá mi tún un rán.