Ọmọ ajá tí kì í jókòó jẹ́ẹ́: oúnjẹ wo ló tọ́ sí i?

Ìyá Dámi, Leeds
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ mi bẹ̀ mí títí, mo sì ti ra ọmọ ajá Labrador fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló pé báyìí. Kì í jókòó jẹ́ẹ́ rárá: á sáré láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, á fa tìmùtìmù ya, bó bá sì jẹun tán, kò ní pẹ́ tí á tún fi máa wo ẹnu wa. Mo rò pé ebi ló ń pa á, ni mo bá ń bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata kún oúnjẹ rẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta lónìí tó ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, àpò oúnjẹ ajá kún ara ògiri láti ilẹ̀ dókè, orí mi sì dàrú. Èwo ni kí n rà?

Màmá Tẹni, Birmingham
Ẹ kú oríire o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fún un ní ọbẹ̀ yẹn mọ́. Májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Bó jẹ́ tútù, bó jẹ́ sísè, bó jẹ́ èyí tí wọ́n lọ̀ sínú èròjà, ìkan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni aáyù. Kí ẹ tó ronú àpò kankan, ẹ pe dókítà ẹranko. Ọmọ ajá tó kéré báyìí, omi ara rẹ̀ kì í pẹ́ tán bí ó bá ń yàgbẹ́, ó sì lè jẹ́ pé aràn tàbí àrùn mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ó jẹ àlùbọ́sà, ẹ má fi pamọ́.

Bàbá Kọ́rẹ́, Manchester
Ohun tí Màmá Tẹni sọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n ròyìn tèmi.

Ajá ọdẹ ni bàbá mi àgbà ń sìn ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀bà, ọbẹ̀ àjẹkù àti egungun ni wọ́n ń jẹ, ara wọn sì le. Nígbà tí mo ra Alsatian níbí, mo sọ fún ara mi pé ajá tó máa tóbi tó báyìí, egungun rẹ̀ á nílò kálísíọ́mù gidi. Mo ń po ìyẹ̀fun kálísíọ́mù mọ́ oúnjẹ rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó sì là á yé mi pé ara ọmọ ajá kò tíì mọ bí a ti ń kọ kálísíọ́mù tó bá pọ̀ jù. Bí a bá ṣe ń fún un ló ṣe ń gbà á wọlé, egungun á wá dàgbà lọ́nà òdì. Ajá ilé wa kì í tóbi bẹ́ẹ̀, kì í sì í yára ga bẹ́ẹ̀; ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Ara ajá náà yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tọ́ dòní.

Nítorí náà, ẹ má wo àwòrán ìkookò tó wà níwájú àpò. Ẹ yí i padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá ni "complete". Òfin ilẹ̀ yìí ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá "complete" ni tàbí "complementary". Èyí àkọ́kọ́ tó jẹ lóun nìkan. Èkejì, àfikún lásán ni, ọmọ ajá kò lè fi í dàgbà. Kí ẹ tún rí "puppy", àti "large breed", torí Labrador wà lára àwọn ajá ńlá: abo sábà máa ń tó kílò 25 sí 32, akọ 29 sí 36. Nínú oúnjẹ "large breed puppy", wọ́n ti ṣọ́ kálísíọ́mù rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀ jù, kí ara ajá má bàa wúwo ju ohun tí egungun rẹ̀ lè gbé. Bí ẹ bá ti ra irú rẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun kún un.

Ẹ fi sìkéèlì kíṣìnnì wọ̀n ọ́n ní gíráàmù. Ife máa ń tanni jẹ. Ẹ pín ti òòjọ́ sí mẹ́rin títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, sí mẹ́ta títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà sí méjì.

Ìyá Dámi, Leeds
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ebi ń pa á lóòótọ́! Ó ń wò mí bí ọmọ tí kò jẹun láti àná.

Bàbá Kọ́rẹ́, Manchester
Ó yé mi. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge rí i pé nínú Labrador mẹ́rin, ó tó ọ̀kan tí àbùdá rẹ̀ kan, POMC, ti yí padà, tí oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ojú kọ́ ni ẹ máa wò. Ẹ fọwọ́ pa ìhà rẹ̀: kí ọwọ́ yín lè mọ egungun ìhà láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó má sì yọ gànnàgànnà síta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó jẹun tó. Eré tó ń sá kiri kì í ṣe ebi. Ọmọ ajá máa ń sùn tó wákàtí 18 lóòjọ́. Èyí tí àwọn ọmọ kò bá jẹ́ kó sùn ló máa ń ya tìmùtìmù lálẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston
Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, gbólóhùn AAFCO, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà oúnjẹ ẹran kalẹ̀ níbí, ni kí ẹ wá lára àpò. Kó sọ pé ó wà fún "growth", kó sì dárúkọ "large size dogs", ìyẹn ajá tó máa tó pọ́n-ùn 70 sókè. Èmi kò tún ra "grain-free", ìyẹn oúnjẹ tí kò ní ọkà bí ìrẹsì nínú, mọ́ láti 2018 tí FDA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bóyá ó ní í ṣe pẹ̀lú àrùn ọkàn lára ajá. Ìrẹsì kò ṣe ajá mi ní nǹkan kan.

Màmá Tẹni, Birmingham
Bí dókítà bá ti ní inú rẹ̀ dá, ẹ má yí oúnjẹ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi díẹ̀ tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí ẹ máa pọ̀ ọ́n sí i fún bí ọjọ́ méje. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: kò sí ṣokoléètì, kò sí èso àjàrà tútù tàbí gbígbẹ, kò sí egungun adìẹ sísè. Kí ẹ sì ka ara bọ́tà ẹ̀pà dáadáa, torí xylitol, ohun adùn kan tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, tó jẹ́ májèlé fún ajá.

Ìyá Dámi, Leeds
Mo ti pe wọn. Wọ́n ní kí a máa gbé e bọ̀ lálẹ́ yìí torí àlùbọ́sà náà. Ẹ bá wa gbàdúrà. Ta ló wà nítòsí Leeds tó lè yá mi ní sìkéèlì títí di Sátidé?