Físà ìrìn-àjò afẹ́: kí lojú yín rí níbí ní Àbújá?

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ fún ojú wa lóúnjẹ ní Jámánì àti Faransé, ọ̀sẹ̀ méjì péré, lóṣù kẹsàn-án. Kì í ṣe jápa o! Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ìgbéga mi sì ti súnmọ́. Ẹni tó bá ti bá àwọn ẹ́ḿbásì fà á rí, ẹ sọ tiyín. Mi ò fẹ́ gbọ́ ti ajẹ́ńtì.

Ìyá Ìbejì Lugbe:
Ìgbà kẹta ni wọ́n tó fún mi.

Àjàní Nyanya:
Ẹ jókòó, tèmi gùn. 2024 ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé owó Schengen, físà kan ṣoṣo tó wọ Jámánì, Faransé àti ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù, kúrò ní yúrò 80 sí 90. Ẹ mọ owó oṣù akọ̀wé. Àbúrò bàbá mi tó ń tajà ní Wuse ní òun máa bá mi "tún àkáǹtì ṣe". Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó rọ mílíọ̀nù márùn-ún sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo lọ tẹ sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta. Ẹ wá wo nǹkan: dátà ₦500, búrẹ́dì ₦1,200, POS ₦2,000, dátà ₦500, dátà ₦500... gbàmù! ₦5,000,000. Àfi bí ìgbà tí erin bá ya wọ ìsọ̀ alákàrà. Ọkàn mi ò gbà á, mo ṣáà fi sínú fáìlì.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá gba pásípọ́ọ̀tù mi. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti fa àpòòwé ya. Fọ́ọ̀mù kan ló wà níbẹ̀ tó ní àwọn àpótí kéékèèké, wọ́n ti fàmì sí méjì: ọ̀kan ní àwọn ò rí owó tí mo máa ná, èkejì ní ó ṣe àwọn bíi pé mi ò ní padà wálé. Mo ṣì ń kà á lọ́wọ́ ni àbúrò bàbá mi pè: "Owó mi dà?" Mo dá a padà lóru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, ó tún pè, ó ní ó dín ₦50. ₦50 tí báǹkì yọ nígbà tí owó náà wọlé ni o!

Adùkẹ́ Jabi:
₦50!!! Ẹ̀rín pa mí o.

Tíṣà Gwarinpa:
Ẹ ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ irọ́ lẹ pa. Owó tí kì í ṣe tiyín lẹ pè ní tiyín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fojú olè wo gbogbo wa.

Àjàní Nyanya:
Tíṣà, orúkọ mi ló wà lórí àkáǹtì o.

Baba Sumayyah:
Tíṣà, ẹ rọra. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ta yín lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ṣé irọ́ ni?

Tíṣà Gwarinpa:
Ṣé wọ́n máa ń gba ọrẹ ìgbéyàwó padà lóru ni?

Alhaji Ìlọrin, Kàdúná:
Ọ̀rọ̀ yìí ò tó ìjà. Kí ẹni tó lowó jáde fúnra rẹ̀. Kó kọ lẹ́tà pé òun lòun máa gbọ́ bùkátà ìrìn-àjò náà, kó so sítétímẹ́ǹtì tiẹ̀ mọ́ ọn, kí tiyín náà wà níbẹ̀ bó ṣe rí. Ohun tí mo ṣe fún ọmọ mi nìyẹn. Bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tó gbẹ̀yìn nìkan.

Adùkẹ́ Jabi:
Ìyá Ìbejì, ẹ máà sá o. Méjì àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Lugbe:
Àkọ́kọ́, orúkọ ni. Pásípọ́ọ̀tù mi ń jẹ́ orúkọ ọkọ, báǹkì ń jẹ́ orúkọ bàbá mi, NIN ń jẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èkejì, ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè mìíràn ni, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ẹ̀ bò. Aago mẹ́fà àárọ̀ mo ti wà lẹ́nu géètì, ọyẹ́ ń fẹ́ fìì. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú fóònù wọlé, ọmọ Hausa kan wá wà lábẹ́ igi dóńgóyárò tó ń bá èèyàn tọ́jú ẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé tèmi, ó ya páálí kékeré kan fún mi tó kọ 17 sí. Mo wọlé. Kí lo fẹ́ lọ ṣe? Mo fẹ́ lọ sinmi. Ta ló máa tọ́jú àwọn ọmọ? Ìyá mi. Ó parí. Fáìlì tí mo fi odidi oṣù kan tò, ẹnikẹ́ni ò ṣí i.

Mo jáde. Ọmọ yẹn ò bèèrè páálí lọ́wọ́ mi mọ́, ó ti rí ojú mi láti ọ̀ọ́kán. Ó na fóònù sí mi: "Hajiya, sai haƙuri" (ẹ ní sùúrù). Kò gba ₦500 tó yẹ kó gbà. Ibẹ̀ lomi ti bọ́ lójú mi.

Bọ̀dé Karu:
Mi ò gbà. Ọmọ yẹn gba owó ẹ̀ pé lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ kí mi.

Ìyá Ìbejì Lugbe:
Bóyá wọ́n fún ẹ ní físà ni.

Bọ̀dé Karu:
...Wọ́n fún mi, mà.

Adùkẹ́ Jabi:
Hahaha! Kí lẹ wá yí padà nígbà kẹta?

Ìyá Ìbejì Lugbe:
Mo tún orúkọ ṣe. Mo kó ìwé CAC tí mo fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀, ìwé owó orí, àti risíìtì ilé ìwé àwọn ìbejì fún sáà tó ń bọ̀. Ta ló ń san owó ilé ìwé kó tó sá lọ?

Kúnlé Mararaba:
Amẹ́ríkà ló dáa jù, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fún èèyàn.

Bọ̀dé Karu:
Ibo lo sùn sí? Lóṣù keje 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta, àwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Dọ́là 185 tí wọ́n ń gbà nígbà náà ò sì dín.

Tíṣà Gwarinpa:
Kí ló tiẹ̀ dé? Òkè Ìdànrè ń bẹ, Ìkògòsì ń bẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín ní sítétímẹ́ǹtì.

Baba Sumayyah:
Tíṣà, ẹ ó gba ọ̀nà Kàbbà kọjá kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n máa gba físà fún.

Tíṣà Gwarinpa:
Ẹ wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Àkúrẹ́.

Àjàní Nyanya:
Kí àbúrò bàbá mi tún yá mi lówó ọkọ̀ òfuurufú?

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa:
Ẹ ṣeun o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti gbé mi dé Àkúrẹ́. Òru méje Jámánì, méje Faransé. Ẹ́ḿbásì ta ni mo máa lọ?

Alhaji Ìlọrin, Kàdúná:
Ibi tẹ́ ẹ bá ti máa sùn jù lẹ máa lọ. Bó bá dọ́gba, ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa balẹ̀ sí ni. Iye tí ìnṣọ́ránsì ìlera yín lè san fún ìtọ́jú yín ò gbọdọ̀ dín sí yúrò 30,000. Ó kéré tán, ẹ ti fi ìwé yín sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 ṣíwájú ìrìn-àjò, àmọ́ ẹ má dúró dìgbà yẹn, èrò pọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa:
Ẹ ṣé, Alhaji. Ìyàwó mi ní kí n bèèrè: ṣé agbádá ni kí n wọ̀ lọ?

Kúnlé Mararaba:
Agbádá kẹ̀! Ṣé ìdáná ni?

Baba Sumayyah:
Agbádá ni mo wọ̀ o, wọ́n sì fún mi.