Ilé tó yẹ ball python àgbà: méjì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, tánkì kan ṣoṣo ni mo ní

Àrẹ̀mú_Tuntun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó lọ síbi tí wọn ò ti gbà á láyè láti sin ejò ló fa ball python méjì lé mi lọ́wọ́, akọ kan, abo kan, àgbà làwọn méjèèjì. Abo yẹn gùn tó 130 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ki dáadáa, akọ ò tó mítà kan. Mi ò sin ère rí láyé mi, torí náà ẹ má bínú tí ìbéèrè mi bá pọ̀.

Tánkì gíláàsì kan ló kó wọn sí, 90 sí 45 sẹ̀ǹtímítà, nẹ́ẹ̀tì onírin ló fi ṣe ìdérí ẹ̀, bọ́ọ̀bù kan tó ń gbóná wà lórí ẹ̀ láìsí ohunkóhun tó ń darí ẹ̀, abọ́ omi kékeré kan, igi gbígbẹ kan, àti ihò kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ ń há mọ́. Mo ra ohun tó ń wọn ọ̀rinrin, 38% ló ń gbé wá lọ́sàn-án. Nígbà tí abo bọ́ awọ kẹ́yìn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló ń já, ó ṣì ku díẹ̀ nídìí ìrù ẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti jẹun gbẹ̀yìn.

Ohun tí mo ń rò ni pé kí n ra ilé ńlá kan kí n kó àwọn méjèèjì sí i, ṣùgbọ́n ẹnì kan tún sọ fún mi pé ilé ńlá máa ń já ball python láyà, pé kékeré ló fẹ́. Èwo ni ká wá ṣe? Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó, kí ni kí n fi mú un móoru, kí ni kí n tẹ́ sílẹ̀ fún un?

Ìyá_Ère

Àrẹ̀mú, o káre tó o béèrè kó o tó náwó. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó le jù kúrò ńbẹ̀: má kó wọn pọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n tó bá kan ball python, ìkọ́wọ̀ọ́rìn gan-an ni ìyà, ẹranko tó ń dá gbé ni. Tó o bá rí i tí wọ́n gorí ara wọn nínú ihò kan, kì í ṣe ìfẹ́ o, ibi tó dáa jù nínú tánkì yẹn làwọn méjèèjì ń dù, èyí tó wà nísàlẹ̀ lè má jẹun fún ìgbà pípẹ́ o ò sì ní mọ ìdí. Tí ìgbẹ́ bá rí bákan, tàbí tí ọ̀kan bá bi eku tó jẹ, báwo lo ṣe fẹ́ mọ èyí tó ṣe é? Akọ àti abo tún ni, ká má tíì sọ ti ẹyin. Tí agbára ò bá tíì ká ilé méjì lónìí, gbé akọ sínú ike ńlá tó ní ihò atẹ́gùn, tó ní ooru tirẹ̀ àti ibùba tirẹ̀, ó sàn ju kí wọ́n jọ há.

Ti títóbi: 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 60 ní ìbú, 60 ní gíga, ìyẹn ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní àgbà, ejò kan fún ilé kan. Abo rẹ gùn ní 130, àbí? Nínú ilé yẹn, tó bá na ara ẹ̀ láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, ó gbà á. Nínú tánkì tó o ní yìí, kò lè nà tán láé.

Ẹni tó sọ pé ilé ńlá ń já a láyà ò parọ́ pátápátá, àmọ́ kì í ṣe fífẹ̀ ilé ló ń dẹ́rù bà á, òfìfo ni. Ronú ibi tí wọ́n ti wá, pápá àti etí igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, inú ihò eku àti inú òkìtì ọ̀gán ni wọ́n máa ń wà lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń kàn wọ́n lọ́tùn-ún lósì lókè nísàlẹ̀. Ìwọ wá gbé irú ẹranko bẹ́ẹ̀ sí gbangba gbalasa, gíláàsì yí i ká, èèyàn ń kọjá. Ṣùgbọ́n tó o bá fi ewé, ẹ̀ka igi, èèpo igi kún ilé ńlá yẹn débi pé ó lè rìn láti ìkángun kan dé ìkejì kó o máà rí i, mi ò tíì rí èyí tó tóbi jù fún un. Ibùba méjì ó kéré tán, ọ̀kan lápá gbígbóná, ọ̀kan lápá tútù, kí méjèèjì rí bákan náà, kí ẹnu wọn kéré, kí ara ẹ̀ máa kan ògiri ẹ̀ tó bá ká jọ. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, ó di dandan kó yan láàárín ooru àti ààbò, ààbò ló sì máa ń yàn, á jókòó sínú òtútù pẹ̀lú oúnjẹ tí kò dà níkùn.

Wáyà_Tútù

Ìyá wa, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ n mú ti ooru.

Àrẹ̀mú, thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ooru kó má bàa pọ̀ jù, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ tó ra bọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ yọ bọ́ọ̀bù tí kò ní olùdarí yẹn lálẹ́ òní tó bá ṣeé ṣe. Mo ń sọ èyí torí ohun tójú mi rí: mo fi pẹpẹ ìmóoru sábẹ́ tánkì láìsí thermostat, mo ní kò lè gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ejò mi sùn lé e lórí títí ikùn ẹ̀ fi jó. Wọn kì í tètè dìde kúrò lórí ohun tó ń jó wọn nísàlẹ̀, ẹ fi sọ́kàn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni dókítà ẹranko fi tọ́jú ẹ̀, àpá náà ò lọ títí dòní, mo sì máa ń rí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e. Òkúta tí wọ́n ń kiná bọ̀ tí wọ́n máa ń tà yẹn náà, ẹ má tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìgbóná tí ẹ ń wá rèé: ojú ibi tó wà lábẹ́ iná gan-an, 32 sí 34 dígírì. Inú ibùba gbígbóná, bíi 31. Apá tútù, 25 sí 27. Lóru ó lè sọ̀kalẹ̀ dé 24, mi ò ní jẹ́ kó lọ sábẹ́ 22. Ẹ lo ẹ̀rọ oníwáyà méjì láti wọ̀n ọ́n, kí orí wáyà wà níbi tí ejò ń sùn, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì yẹn máa ń parọ́, ara gíláàsì ló ń wọ̀n. Bọ́ọ̀bù halogen ni mo fẹ́ràn lọ́sàn-án, thermostat tó ń dín iná kù díẹ̀díẹ̀ ló bá a mu, èyí tó ń tan tó ń kú lójijì á tètè ba bọ́ọ̀bù jẹ́. Lóru, èyí tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì ṣe tí kì í tàn rárá ló dáa. Ẹ má lo bọ́ọ̀bù pupa tàbí búlúù lálẹ́, ó ń rí i, òkùnkùn ló fẹ́. Iná tó bá wà nínú ilé fúnra ẹ̀, ẹ fi àwọ̀n onírin bò ó, torí ó máa fẹ́ wé mọ́ ọn.

Ike_Lásán

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fi ike pẹlẹbẹ sin ti èmi, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bọ́ awọ lódidi, ọ̀rinrin ò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣe, ike máa rọrùn fún un ju ilé ńlá tí kò lè mú móoru lọ.

Ìyá_Ère

Ike_Lásán, òótọ́ ni pé ike tó móoru tó sì tutù bó ṣe yẹ sàn ju tánkì ńlá tó gbẹ, mo gbà fún ẹ níbẹ̀. Àmọ́ jíjẹun nìkan kọ́ ni ìgbé ayé. Èmi náà lo ike tẹ́lẹ̀, ìgbà tí mo gbé akọ mi sílé tó ga ni mo tó mọ̀ pé ó ń gun igi, gbogbo òru ló ń gùn ún, akọ pàápàá fẹ́ràn òkè. Ball python sì ń pẹ́ láyé, ogún sí ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Lọ́dún 2020, ọ̀kan tí wọ́n gbà pé ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún yé ẹyin méje ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà, kò sì tíì fojú kan akọ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe gùn tó láti fi wà níbi tí èèyàn ò ti lè na ara ẹ̀.

Àrẹ̀mú_Tuntun

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti yọ bọ́ọ̀bù yẹn, thermostat ti wà lọ́nà, akọ ti wà nínú ike. Ọ̀rinrin ló kù tó ń dà mí láàmú, mo ń fọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó máa fò dé 75%, wákàtí kan lẹ́yìn náà ó ti padà sí 40.

Ọ̀rinrin_70

Má fọ́n ọn mọ́, ojú ilẹ̀ nìkan lò ń mú tutù, nẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ sì ń fà á jáde. 60 sí 80% ló fẹ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló sì yẹ kí ó ti máa jáde. Tẹ́ èèpo àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tàbí èèpo igi cypress, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kó o wá máa da omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè lọ sísàlẹ̀, òkè máa gbẹ, ìsàlẹ̀ máa tutù. Òkè tó gbẹ yẹn ṣe pàtàkì gidi, tí ejò bá ń sùn lórí ohun tó rin gbingbin, ikùn ẹ̀ máa pọ́n, ìpẹ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Fi fọ́ìlì bo bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nẹ́ẹ̀tì yẹn, ibi tí iná wà ni kó o fi sílẹ̀. Ilé tó o máa rà, tó bá jẹ́ PVC, ìyẹn pátákó oníke líle, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà níwájú, ìjà ọ̀rinrin á dín kù púpọ̀. Má lo èèpo cedar tàbí pine, òórùn òróró wọn ń pa wọ́n lára.

Awọ tó kù nídìí ìrù, má fà á. Wá ibùba kẹta, kó sphagnum moss tútù, ìyẹn ewédò tó máa ń fa omi mu, sínú ẹ̀, á wọlé fúnra ẹ̀. Pàápàá, má fọwọ́ kan ojú tí awọ bá kù níbẹ̀. Tó o bá gbọ́ tó ń mí hìn-ìn, tàbí tó ń ya ẹnu tí ìfófó sì ń yọ, dókítà ni, má dúró de ọ̀la.

Àrẹ̀mú_Tuntun

Mo padà dé, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ilé abo ti délẹ̀, PVC, 120 sí 60 sí 60. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tan gbogbo ẹ̀ kí n tó gbé e wọlé, torí 37 ni abẹ́ iná kọ́kọ́ ń gbé wá, ìgbà tí mo gbé wáyà thermostat sún mọ́ ibẹ̀ ló tó balẹ̀ sí 33. Ọ̀rinrin ò kúrò ní 68. Mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá láìfọwọ́ kàn án, lálẹ́ kọkànlá mo gbé eku sí i, orí ẹ̀ nìkan ló yọ jáde nínú ibùba gbígbóná, ó sì gbà á. Awọ ìrù yẹn ti bọ́ pẹ̀lú. Akọ nìkan ló ṣì ń kọ oúnjẹ, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé kí n máa bẹ̀rù?

Ìyá_Ère

Inú mi dùn sí ti abo yẹn gan-an! Ti akọ, ra òṣùwọ̀n, máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá dúró lójú kan, fi sílẹ̀, akọ àgbà lè gbààwẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan lásìkò tó ń wá abo. Tó bá ń rù, dókítà. Ìlẹ̀kùn PVC yẹn, o ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i?

Àrẹ̀mú_Tuntun

Háà, rárá o. Mo ń lọ rà á báyìí.