Àbọ̀ ìrìn orí òkè pẹ̀lú àwọn ọmọ

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè bí a ṣe lè mú ọmọ ọdún 3 àti ọmọ ọdún 6 rin ọ̀nà inú igbó gun òkè láìsí ẹkún àti "ẹ gbé mi". A ti lọ, a ti bọ̀, ó sì dùn.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí àbúrò máa ṣáájú. Ó ń ṣa òkúta sápò, ó lóṣòó ti àwọn eèrà tó ń wọ́ òkú tata lọ, títí bàbá rẹ̀ fi ń mí kanlẹ̀. Kìlómítà kan gbà ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sunkún. Ẹ̀gbọ́n ní tiẹ̀ ló ń wá àmì ọ̀nà tí wọ́n kùn sára igi.

A tètè jáde, torí láàárín aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn máa ń pa ara jù. Omi àti ìpápánu, kí wọ́n tó béèrè ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká yan ọ̀nà tó yípo, ẹ má bínú, n ò gbà. Tẹ́ ẹ bá ti rìn ín kọjá ìdajì, kò sí àbùjá mọ́. Ọ̀nà tá a bá lọ náà la bá bọ̀, ìgbàkigbà tó rẹ̀ wọ́n la lè ṣẹ́rí padà. A ò tilẹ̀ dé ṣóńṣó òkè, àwọn ọmọ ò sì béèrè rẹ̀.

Ẹni tó ní kí n mú sọ́kìsì míì dání, ẹ ṣeun gidi: àbúrò ki ẹsẹ̀ bọ omi, sọ́kìsì tútù kì í sì í pẹ́ mú ẹsẹ̀ lé ròró.

Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn. Mo pa á dé síbí.