Híńjì tó ń fara pamọ́ àti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ́lẹ́: kí lojú yín ti rí?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ sọ èyí nítorí ẹni tó bá ń múra àtiṣe kíṣìnì. Pílíwúùdù ààbọ̀ íǹṣì, ìyẹn 12 mm, la fi ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi, torí owó pákó ní Bódìjà kì í ṣe kékeré mọ́. Káfíńtà tó gbaṣẹ́ lọ ra híńjì tó ń fara pamọ́, èyí tí ife rẹ̀, ìyẹn ibi róbótó tó ń wọ inú ihò ilẹ̀kùn, fẹ̀ ní 35 mm tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀dà gbẹ tán, mo ń fi àkísà nù ún, lọwọ́ mi bá kan ibì kan tó wú róbótó. Lókè àti nísàlẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ló ní in. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó rì wọlé bí èèpo ẹyin. Lára ilẹ̀kùn abẹ́ síǹkì, ẹnu síkúrù ti yọ síta. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni.

Káfíńtà Ẹ̀gbá
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, mo sì ti bá èèyàn tún irú ẹ̀ ṣe. Ife híńjì 35 mm máa ń jìn tó 11.5 mm sí 13 mm. Lára igi 12 mm, kí ló wá ṣẹ́ kù? Ẹnu dírílì tá a fi ń lu ihò yẹn tún ní ṣóńṣó láàárín tó máa ń ṣíwájú. Ó lè yọ lódìkejì kí ihò tó jìn tó. Síkúrù 16 mm tí wọ́n sábà ń lò fún un sì gùn ju ilẹ̀kùn yín lọ.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ ra híńjì kékeré, oní 26 mm. Ẹ ṣọ́ra. Fífẹ̀ ló kéré, jíjìn rẹ̀ lè má dín kù rárá. Ẹ mú rúlà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wọn ife náà láti etí dé ìdí kí ẹ tó sanwó. Èmi kì í gbà kí igi tó máa ṣẹ́ kù dín ní 3 mm.

Tiyín ṣì ní àtúnṣe. Ẹ ní kí káfíńtà yín la MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe) 6 mm ní fífẹ̀ 60 mm, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí iwájú ilẹ̀kùn ká bíi férémù. 12 àti 6 di 18 níbi tí híńjì máa jókòó sí. Ihò híńjì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 5 mm sí etí ilẹ̀kùn, á parí ní 40 mm, férémù yẹn á bo gbogbo ibi tó wú. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á kó tẹ́jú, kó sì fi kúláǹpù dè é mọ́jú.

Ará Peckham
Èmi ò fẹ́ férémù ní tèmi, ilẹ̀kùn tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni mo fẹ́, bọ́ọ̀dù líle 8 mm. EXPANDO T, ohun tó ń de híńjì mọ́ ilẹ̀kùn fẹ́lẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ Blum ti Austria, ni mo lò. Ihò rẹ̀ kò ju 6 mm lọ. Inú ihò ló ti máa ń gbòòrò tá a bá yí síkúrù rẹ̀ le, ìyẹn ló fi ń di bọ́ọ̀dù mú. Ó dúró dáadáa. Owó rẹ̀ ga o. Ẹni tó bá torí àtidín ìnáwó kù lo pákó fẹ́lẹ́, kó ṣe ohun tí káfíńtà sọ.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an, ọwọ́ yín ò ní kan o. Férémù náà la máa ṣe. Káfíńtà Ẹ̀gbá, ilẹ̀kùn kan wà lókè tó ga tó 1100 mm. Ṣé híńjì méjì á tó o?

Káfíńtà Ẹ̀gbá
Méjì tó títí dé 900 mm. Ẹ fi ẹ̀kẹta sáàárín ìyẹn, màmá.