Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: drọ́ọ̀íǹgì ọ́fíìsì wa ò jọra

Ayàwòrán Utako:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ́fíìsì kan ní Utako, níbí ní Àbújá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́fà là ń fi AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán, ya plánù ilé. Ọ̀gá wa ní kí n wá bí iṣẹ́ gbogbo wa yóò ṣe máa jáde bí ẹni pé ọwọ́ kan ló yà á, kí layer (ìpele tí a ń pín ìlà sí), text style (ìrísí lẹ́tà), dimension style (ìrísí ìwọ̀n), linetype (irú ìlà) àti block (àwòrán kékeré tí a ń lò lálòtúnlò) wà níbì kan ṣoṣo tí gbogbo wa yóò ti máa mú wọn. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an, mo sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti ṣe é kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dà wá láàmú rèé. Ibi tí kálukú ti kọ́ṣẹ́ ló ń bá a wá. Ẹni tó ti Zaria wá ń pe layer ògiri ní WALL, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Èkó ń pè é ní A-WALL, ẹnì kan sì wà tó ń kó gbogbo rẹ̀ sórí layer 0, táá wá máa fọwọ́ yan àwọ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Plánù ilé alájà kan ní Lugbe ló mú ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Ènìyàn méjì ló yà á. Lójú ìwé kan, fífẹ̀ àtẹ̀gùn jẹ́ 1200. Lójú ìwé tó tẹ̀ lé e, àtẹ̀gùn yẹn kan náà jẹ́ 1.20. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì, mìlímítà ni ọ̀kan, mítà ni èkejì. Àmọ́ ibo ni birikìlà ti fẹ́ mọ ìyẹn? Ó gbé ìwé méjèèjì dání, ó dá iṣẹ́ dúró, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó ya plánù wá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti orúkọ oníbàárà. Bàbá àgbà kan láti Ọ̀ṣun ni wọ́n. A kọ orúkọ wọn sí àpótí ìsàlẹ̀ ìwé pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ tó pé. Nígbà tí ìwé jáde, àmì ìbéèrè ló jókòó síbi tí àwọn lẹ́tà yẹn yẹ kó wà.

Template kan, ìyẹn fáìlì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ drọ́ọ̀íǹgì tuntun, wà ní ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀, orí flash ni wọ́n ti ń pín in kiri, kálukú sì ti yí tirẹ̀ padà. Ibo ló yẹ ká kó nǹkan wọ̀nyí sí? Ta ló yẹ kó máa tún wọn ṣe? Kí la sì máa ṣe sí àwọn drọ́ọ̀íǹgì àtijọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé iná wa ò dúró, íntánẹ́ẹ̀tì wa náà sì ń wá ó ń lọ.

Bàbá Zaria:
Àbúrò, o káre láé. Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Zaria àti Kàdúná. Ohun tí mo máa ń rí ni pé àwọn ènìyàn ń sáré ṣe fáìlì kí wọ́n tó fẹnu kò lórí orúkọ. Orúkọ layer ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó lé, kẹ́ ẹ má sì dá tiyín sílẹ̀ nígbà tí èyí tó dáa ti wà nílẹ̀. ISO 13567, ìlànà àgbáyé, wà fún un. Ètò tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ti Amẹ́ríkà, ìyẹn AIA, gbé kalẹ̀ náà wà, òun ló sì rọrùn jù fún ọ́fíìsì kékeré. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́: A ti ayàwòrán ilé, S ti injiníà tó ń wo òpó àti ìpìlẹ̀, E ti iná, P ti omi, M ti ẹ̀rọ. A-WALL, A-DOOR, S-COLS, E-LITE. Ẹni yín tó kọ́ṣẹ́ ní Èkó ti wà lójú ọ̀nà. Tí injiníà iná bá gbé plánù yín wọlé bíi xref, ìyẹn fáìlì tó so mọ́ tirẹ̀ láìdà pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo ohun tó fi A bẹ̀rẹ̀ ló lè mú ṣú lẹ́ẹ̀kan náà láìbi ẹnikẹ́ni.

Ẹ má kó ọgọ́rùn-ún layer jọ o. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ sílẹ̀, ìyókù yóò máa wọlé tó bá yá.

Ti nínípọn ìlà, ẹ mú un láti inú èyí tí ISO 128 ń lò: 0.18, 0.25, 0.35, 0.5, 0.7 mìlímítà. Èmi máa ń fún ògiri tí a gé ní 0.5, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní 0.25, hatch (ìlà tí a fi ń kún àyè) ní 0.18. Gíga lẹ́tà wẹ́wẹ́ 2.5, ti àkọlé 5. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú nìyí: lẹ́tà tó máa jẹ́ 2.5 lórí ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ 250 nínú model space (ibi tí a ti ń ya ilé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an) tí plánù bá jẹ́ 1:100, kó sì jẹ́ 125 tó bá jẹ́ 1:50. Ibẹ̀ ni kálukú ti ń fojú díwọ̀n. Ẹ ṣe text style àti dimension style yín ní annotative, ó ti wà láti AutoCAD 2008, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ṣe ìṣirò náà. Dimension style kan fún plánù, ọ̀kan fún detail, méjèèjì ní mìlímítà, kí pọ́ńtù kankan má sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn Lugbe ti tán nìyẹn. Orí acadiso.dwt ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe acad.dwt, torí ínṣì ni ti acad.dwt.

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ ṣeun, Bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ibi tí wọ́n máa kó o sí, torí iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn ní ọ́fíìsì wa.

Aládùúgbò mi, ẹ ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì fún èyí. Router tó so kọ̀ǹpútà yín pọ̀ ti tó, kódà kí dátà má sí lórí rẹ̀. Ẹ mú kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí inverter, ẹ ṣe fódà kan síbẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ yòókù lè rí, kí lẹ́tà dráìfù rẹ̀ sì jẹ́ ìkan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ S lọ́dọ̀ yín, kó jẹ́ S lọ́dọ̀ ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í: kí gbogbo ènìyàn lè kà á, kí ẹnì kan ṣoṣo lè kọ nǹkan sí i. Tí ẹ ò bá ṣe èyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí flash yín ló máa ṣẹlẹ̀ sí fódà náà.

Ẹ wá lọ sí Options, abẹ́ Files, lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́ka Default Template File Name for QNEW sí template inú fódà yẹn, kó jẹ́ pé tí ènìyàn bá ṣáà ti tẹ New, òun ló máa rí. Ẹ tọ́ka Plot Style Table Search Path síbẹ̀ náà. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Drọ́ọ̀íǹgì kì í gbé fáìlì CTB, tó ń sọ bí ìlà yóò ṣe nípọn tó lórí ìwé, sínú ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń rántí. Bẹ́ ẹ bá ṣí iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí CTB ò sí, ògiri àti hatch á jáde bákan náà, tínrín.

Ti block, àwa kì í kó wọn sínú template, wọ́n máa ń mú kó wúwo. Fódà tiwọn wà lọ́tọ̀, a sì tò wọ́n sórí Tool Palettes (Ctrl+3), kálukú á kàn fà wọ́n wọlé. Orí layer 0 ni kẹ́ ẹ ti ya ohun inú block, kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ByLayer. Layer tí wọ́n bá gbé e lé náà ni yóò tẹ̀ lé.

Ọmọ Minna:
Kí ló dé tí ẹ ò kàn lo Google Drive? Ọ̀fẹ́ ni, èèyàn tó wà ní sáìtì náà á rí i.

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ọmọ Minna, ó dáa láti fi tọ́jú ẹ̀dà kejì, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ lọ́sàn-án, tí ẹnì kan tún fáìlì ṣe lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, tí ẹlòmíràn náà tún un ṣe, ẹ̀dà méjì lẹ máa bá lálẹ́. Tiyín èwo? Fún nǹkan tí gbogbo ọ́fíìsì dúró lé, ara mi ò gbà á.

Ayàwòrán Utako:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Ohun kan ṣì rú mi lójú. Tí mo bá tún template ṣe lónìí, ṣé àwọn drọ́ọ̀íǹgì tí a ti fi yà tẹ́lẹ̀ á yí padà?

Injiníà Jabi:
Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Template ń bí drọ́ọ̀íǹgì tuntun ni, kò ní àṣẹ lórí èyí tó ti bí. Ohun tó le ju ìyẹn lọ tún wà. Ká ní dimension style kan wà nínú drọ́ọ̀íǹgì àtijọ́ tó ń jẹ́ PLAN, tó jẹ́ mítà. Ẹ wá fa tiyín tuntun wọlé láti DesignCenter (fèrèsé AutoCAD tí a ti ń mú nǹkan láti inú drọ́ọ̀íǹgì míì) tàbí nípa copy, òun náà ń jẹ́ PLAN, ó jẹ́ mìlímítà. Èyí tó wà nílé tẹ́lẹ̀ ló máa borí. Àlejò tó bá ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan nínú ilé, onílé ni wọ́n ń pè. AutoCAD ò ní pariwo fún yín, ẹ ó máa rò pé ẹ ti tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ ṣí template yín tó ti pé, ẹ fi Save As sọ ọ́ di fáìlì .dws, ìyẹn fáìlì ìlànà tí a ó máa fi iṣẹ́ yòókù wé, ẹ fi sínú fódà S yẹn. Ẹ padà sínú template, ẹ tẹ STANDARDS, ẹ so .dws náà mọ́ ọn kí gbogbo iṣẹ́ tuntun máa bá a wá. Tí ènìyàn bá wá tẹ CHECKSTANDARDS, yóò ka ohun tó yàtọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ hàn, ẹ ó tẹ Fix. Nǹkan mẹ́rin péré ló ń yẹ̀ wò: layer, text style, dimension style àti linetype. Kò mọ block, kò mọ hatch, ẹ má fi ìyẹn lé e lọ́wọ́.

Fún WALL tó yẹ kó di A-WALL, LAYTRANS ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ to orúkọ àtijọ́ síbi kan, tuntun sí ìkejì, ẹ so wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìsopọ̀ náà sínú fáìlì. Ẹ ó kàn máa pè é fún iṣẹ́ míì láti ọ̀dọ̀ ẹni yẹn. Fún ẹni tó ń fọwọ́ yan àwọ̀, SETBYLAYER á dá àwọ̀ náà padà sí ti layer. Kẹ́ ẹ wá tẹ PURGE, kó kó ohun tí ẹ ò lò dànù.

Ọmọ Minna:
Ẹ̀gbọ́n, AutoCAD LT, ẹ̀yà AutoCAD tó kéré tí àwa ń lò, kò ní STANDARDS, kò ní LAYTRANS.

Injiníà Jabi:
Òótọ́ ni, àbúrò. Kí ọ́fíìsì ní ẹ̀rọ kan tó ní AutoCAD kíkún, kí olùtọ́jú, ìyẹn ẹnì kan ṣoṣo tó lè kọ nǹkan sínú fódà yẹn, máa fi yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí LT, ẹ di template àti fódà mú, ìyẹn nìkan ti gba ìdajì wàhálà.

Bàbá Zaria:
Gbogbo rẹ̀ dáa, àmọ́ mo ní àtakò kan. Drọ́ọ̀íǹgì tí wọ́n ti fi òntẹ̀ lù ní Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń fọwọ́ sí plánù ilé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba àti ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Iṣẹ́ tó ṣì ń lọ, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i. Èyí tó ti parí, ẹ jẹ́ kó sùn.

Injiníà Jabi:
Mo gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá.

Atẹ̀wé Garki:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí orúkọ bàbá Ọ̀ṣun yẹn, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Fóńtì SHX, ti AutoCAD fúnra rẹ̀, bíi romans.shx, kò ní ẹ, ọ àti ṣ nínú, kò ní ɓ, ɗ àti ƙ tí àwọn Hausa ń lò. Níbi tí a wà yìí, kò yẹ kí orúkọ oníbàárà kankan di àmì ìbéèrè. Kí text style àpótí orúkọ jẹ́ fóńtì TrueType bíi Arial. Ẹ kọ gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn sínú template lẹ́ẹ̀kan, kékeré àti ńlá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ẹ sì jọ̀ọ́, PDF ni kẹ́ ẹ máa gbé wá fún wa. Tẹ́ ẹ bá gbé DWG, fáìlì AutoCAD gan-an, wá, fóńtì tiwa àti CTB tiwa ló máa fi jáde. Tó bá jẹ́ injiníà lẹ fẹ́ fi DWG ránṣẹ́ sí, ẹ fi eTransmit dì í, yóò kó xref, fóńtì àti CTB dání.

Ayàwòrán Utako:
Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ibi. Ọ̀rọ̀ orúkọ layer ni mo máa gbé síwájú ọ̀gá ní Monday, kí gbogbo wa jókòó lé e. Ìbéèrè kan ló kù. Tí ẹnì kan bá ya block tuntun tó dáa, tí kò sì lè kọ nǹkan sínú fódà, báwo ló ṣe máa wọlé?

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ ṣe fódà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pè é ní ÀBÁ, kí gbogbo ènìyàn lè kó nǹkan sí i. Olùtọ́jú á máa wò ó ní ọjọ́ Friday, á gbé èyí tó dáa wọlé, á sọ fún ẹni tó ni èyí tí kò wọlé ìdí rẹ̀. Tó bá tún template tàbí .dws ṣe, kó kọ déètì sára ẹ̀dà àtijọ́, kó gbé e lọ sí fódà ìpamọ́. Kí orúkọ èyí tí ẹ ń lò má yí padà láéláé, torí orúkọ yẹn ni Options orí ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń wá.