Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ wẹ́ẹ̀bù wo ni kí n wọ̀?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ ń fi wẹ́ẹ̀bù jẹun, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo wà, ìkànnì freeCodeCamp ni mo fi ń kọ́ṣẹ́, torí ọ̀fẹ́ ni. HTML àti CSS tí wọ́n fi ń to ojú ewé wẹ́ẹ̀bù kò le jù, àmọ́ JavaScript, èdè tó ń mú ojú ewé ṣiṣẹ́, ń fojú mi rí màbo. Mo ní kí fetch (àṣẹ tó ń lọ mú nǹkan wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì) lọ mú iye owó ọjà wá, Promise, ìyẹn ìlérí pé èsì ń bọ̀, ló ń gbé fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi await (ìyẹn "dúró dè é") síwájú fetch náà. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ò mọ ìdí ẹ̀! Irú èyí ló jẹ́ kí n máa wá ẹgbẹ́.

Stack Overflow, ìkànnì ìbéèrè àti ìdáhùn àwọn tó ń kọ kóòdù, ti wà láti 2008, àmọ́ wọn kì í pẹ́ ti ìbéèrè pa níbẹ̀ bí ẹlòmíì bá ti bèèrè rẹ̀ rí. Discord, áàpù tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ni wọ́n ń yìn fún mi; ìpàdé olóhùn wọn ni mò ń sá fún, á jẹ dátà mi tán. (Ti iná ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.)

Èwo ló yẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ mi sí GitHub ná, kí ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ lè rí kóòdù náà? Ẹni tó bá sì wà ní agbègbè Fajúyì tàbí Bàsírì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.